Mo Ṣí Òrùlé Ìjàpá

Kí n tètè jẹ́wọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó bá mi jẹ́wọ́ rẹ̀. Èmi tí mo ti ń kan òrùlé lé ilé onílé láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù, èmi náà ni mo pàṣẹ fún wẹ́dà pé kó gé òrùlé ọkọ̀ kó tó fi irin kankan gbé abẹ́ rẹ̀ ró.

Kì í ṣe pé wẹ́dà kò kìlọ̀. Ó ní, "Bàbá Káfíńtà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jó irin mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì nísàlẹ̀. Bá a bá ṣí i lórí láìṣe bẹ́ẹ̀, ìbàdí ẹ̀ á yẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, òrùlé mélòó lo rò pé mo ti ṣí nílùú Ẹdẹ yìí? Láti Ara dé Ṣẹ̀kọ̀nà, ògiri wo ló wó? Ògiri ló ń gbé òrùlé, òrùlé kì í gbé ògiri. Gé e."

Ó ní, "Bàbá, ọkọ̀ kì í ṣe ilé o."

Mo ní kó gé e. Ó gé e.

A fi férémù gíláàsì iwájú sílẹ̀, a gé gbogbo ìyókù. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la gbé òrùlé náà sọ̀kalẹ̀, a gbé e sábẹ́ igi máńgòrò ní àgbàlá mi bí ẹni gbé igbá kalẹ̀. Ojú mi mọ́lẹ̀ kedere. Mo bọ́ sínú ọkọ̀, mo jókòó bí ọba tó fẹ́ juwọ́ sí ará ìlú. Mo gbọ́ ohun kan tó ké "kẹ́ẹ́ẹ́" nísàlẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀kùn kò ṣí. Mo tì í, mo fà á, mo fi èjìká sí i. Ó ti há. Bí mo ṣe gba òkè jáde nìyẹn, ibi tí òrùlé wà ní wákàtí kan sẹ́yìn, tí wẹ́dà ń fà mí lápá bí ẹni ń fa ewúrẹ́ jáde nínú kòtò. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe kanlẹ̀ báyìí, ilẹ̀kùn náà rọra ṣí fúnra rẹ̀.

Wẹ́dà mú okùn, ó nà án láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn, ó ní kí n wá wò ó. Àárín ọkọ̀ ti tẹ̀ bí ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ti darúgbó.

Ó ní, "Bàbá, nínú ilé, ògiri ló ń gbé òrùlé. Ti ìjàpá, òrùlé ló di ògiri mú. Ẹ bi ìjàpá léèrè."

Ìjàpá ni ọkọ̀ náà. Àwọn ọkọ̀ kékeré ìjọ́hun wọ̀nyẹn, tí ẹ̀yìn wọn rí roboto, tí ẹ́ńjìnnì wọn wà ní ìdí, tí búùtù wọn sì wà níwájú. Àwọn bàbá wa wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sọ wọ́n lórúkọ. Tiwa yìí, aláwọ̀ ewé ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni ín, ó sì tọ́jú rẹ̀ bí ojú. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé sí ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n pín aṣọ rẹ̀, wọ́n pín ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ ìjàpá lé mi lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé iṣẹ́ kan so mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà. Mo mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé wọ́n sọ ọ́.

Iṣẹ́ náà ni pé kí n máa gbé ìyá wa kọjá odò. Ìyá wa ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àbúrò kan ṣoṣo ló sì kù fún wọn láyé, obìnrin, tó ń gbé ní abà ọkọ rẹ̀ ní ìhà kejì odò Ọ̀ṣun. Ilé tiwa ilé Mùsùlùmí ni láti ìṣẹ̀ǹbáyé, ilé tí àbúrò wọn fẹ́ sí, òrìṣà ni wọ́n ń bọ. Ṣùgbọ́n ọmú kan náà làwọn méjèèjì mu, ọ̀rọ̀ tán. Ojú àbúrò wọn ti fọ́. Kò lè dá wá sí ìlú. Nítorí náà lóṣooṣù, lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi á gbé ìyá mi síwájú ìjàpá, wọ́n á gba orí afárá lọ sí abà, ìyá mi á fún àbúrò wọn ní agolo áṣáà kan tí wọ́n rà fún un, àwọn méjèèjì á jókòó, wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú títí oòrùn á fi rẹlẹ̀. Èmi náà bá wọn lọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Mo rántí pé bí a bá ti dé orí afárá, ètè ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í mì wúyẹ́wúyẹ́. Mo rò pé tẹ̀sùbáà ni wọ́n ń ṣe láìmú ìlẹ̀kẹ̀ dání. Mo tún rántí pé ẹ̀gbọ́n mi kì í dá lọ sí ìhà kejì odò láé. Bí ìyá mi kò bá ní lè lọ, iṣẹ́ á pọ̀ lọ́wọ́ òun náà lọ́jọ́ náà.

Ẹ ó ní kí ló dé tí a kò wá ọkọ̀ mìíràn fún wọn. Ọ̀kadà? Ìbàdí ìyá mi kò gbà á. Wọ́n ṣubú létí kànga lọ́dún kan, láti ìgbà náà ni egungun ibẹ̀ ti ń bá wọn jà. Kẹ̀kẹ́? Wọ́n wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò tíì jáde nílùú tí wọ́n fi ní kó dá àwọn padà, wọ́n ní àfi bí ẹni pé wọ́n kó àwọn sínú ajọ̀ tí wọ́n fi ń ku gàrí. Tákísí? Awakọ̀ tó bá rí ojú ọ̀nà abà náà á ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Ìjókòó iwájú ìjàpá nìkan ni ìbàdí wọn mọ̀. Ó rẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ti kó òwú sí ibi tó yẹ kó kó o sí. Mo ní kí wọ́n máa bá àbúrò wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìyá mi wò mí bí ẹni tí kò bí mi. Wọ́n ní, "Ẹni tí ojú ẹ̀ fọ́, ọwọ́ lèèyàn fi ń kí i. Fóònù ní ọwọ́ ni?"

Ó yẹ kí n wá sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ẹ̀rù afárá Ọ̀ṣun ń bà mí.

Kì í ṣe ẹ̀rù òkè o. Mo ti dúró lórí igi àjà ilé alájà mẹ́ta, tí ìṣó wà lẹ́nu mi, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ṣòkòtò mi bí àsíá, tí mo ń fi imú kọrin. Òkè kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ gbé mi sínú ohun tó ní ìdérí, kí ẹ wá gbé ohun náà sórí omi, n ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àbájáde kiri. Bí mo bá wà lẹ́yìn ọlọ́kadà, mo máa ń di ojú títí a ó fi kọjá, kò sẹ́ni tó ń mọ̀. Awakọ̀ ni kò ṣeé ṣe fún kó di ojú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá wa ìjàpá lọ dán an wò, mo dé àárín afárá, ọkọ̀ àjàgbé kan ń bọ̀ níwájú, afárá gbọ̀n, ìjàpá gbọ̀n, èmi náà kò gbẹ́yìn. Mo wo ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mi sílẹ̀, mo rántí pé ó ti kán. Ẹ̀mú ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń yí i. Mo bi ara mi pé bí a bá já sódò báyìí, níbo ni n ó ti rí ẹ̀mú nísàlẹ̀ omi? Mi ò mọ bí mo ṣe dé òdìkejì. Mo páàkì, mo dúró síbẹ̀ títí mo fi rí ọlọ́kadà kan tó mọ ọkọ̀ wà, mo ní iṣan ẹsẹ̀ mi ló fà, kó bá mi wà á padà. Mo jókòó sẹ́yìn. Mo di ojú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di òpùrọ́ lójú ìyá tó bí mi. Oṣù àkọ́kọ́, mo ní bíréèkì rẹ̀ kò dára. Oṣù kejì, bátìrì. Oṣù kẹta, mo dárúkọ nǹkan kan tí èmi gan-an kò mọ̀ bóyá ó wà nínú ọkọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ìyá mi á wẹ̀, wọ́n á wọ aṣọ, wọ́n á lo ìborùn wọn funfun, wọ́n á gbé àpò wọn sí itan, wọ́n á jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Agolo áṣáà wà nínú àpò náà. Wọn kò ní bèèrè ohunkóhun. Bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á dìde, wọ́n á wọlé.

Nígbà tó yá ni mo rí àwòrán kan lórí fóònù, ọkọ̀ àtijọ́ kan tí kò ní òrùlé, tí wọ́n fi aṣọ bò, tí wọ́n sì lè ká aṣọ náà sẹ́yìn bí ẹni ká ẹní. Mo fò dìde lórí àga. Ẹni tí kò ní òrùlé lórí, báwo ló ṣe fẹ́ há sábẹ́ omi? Á kàn fò jáde ni. Lóòótọ́, n kò mọ omi wẹ̀. Ìyẹn, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ iwájú. Mo lọ bá ìyá mi, mo ní, "Ìyá, mo fẹ́ ṣí orí ìjàpá, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí yín."

Wọ́n ní, "Atẹ́gùn? Ta ló sọ fún ẹ pé ooru ń mú mi?"

Báyìí ni mo ṣe lọ pe wẹ́dà, tí mo fi àgbà rẹ́ ẹ jẹ, tí ìbàdí ọkọ̀ fi yẹ̀. Ìyá mi nìkan kọ́ ni ìbàdí ń dùn mọ́ nínú ilé wa.

Ọyẹ́ ń lọ sílé nígbà tí a gé òrùlé. Mo rò pé kí oṣù tó parí a ó ti parí gbogbo rẹ̀. Wẹ́dà ní òun á fi jáàkì gbé àárín ọkọ̀ sókè títí okùn á fi tọ́, lẹ́yìn náà òun á jó irin gbọọrọ méjì mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, kò sí iná. Lọ́jọ́ kẹta, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kọṣẹ́. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń kọ́ ilé fún àwọn ọmọ Pólì gbé iṣẹ́ géètì fún un, kò tún rí tèmi rò mọ́. Bí mo bá pè é, "Lọ́la, Bàbá." Bí mo bá lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, "Lọ́la, ó dájú." Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n mi ò lè bú u dénú, torí pé lọ́la wẹ́dà àti lọ́la káfíńtà, ìyá kan náà ló bí wọn. Èmi náà ti fi í pa àwọn onílé lẹ́nu mọ́ títí orí wọn fi hu ewú.

Ní gbogbo àsìkò yìí ìjàpá wà ní gbangba láìní ìdérí. Àgbébọ̀ adìyẹ kan yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó sì ń fi ẹnu ṣá ẹni tó bá fẹ́ kó o kúrò. Ewúrẹ́ ilé kejì máa ń gun ìdí ẹ́ńjìnnì, á wá dúró níbi sítíárì bí ẹni ń retí èrò. Àwọn ọmọ Pólì tó ń kọjá á dúró, wọ́n á ní, "Daddy, ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò," wọ́n á jókòó, ìbàdí ọkọ̀ á tún tẹ̀ sí i. Ìyàwó mi, tó ń ta èlùbọ́, ti gba òrùlé tí a gé. Ó dojú rẹ̀ sókè bí ọpọ́n, ó ń sá èlùbọ́ sínú rẹ̀.

Ó bá mi níbi tí mo ti ń lé ewúrẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Bàbáa wọn, kí ni iṣẹ́ yìí gan-an?"

Mo ní, "Ìlọsíwájú ni."

"Ìlọsíwájú tí ò lè jáde ní àgbàlá?"

"O ò mọ̀ nípa ọkọ̀."

"Mi ò mọ̀ nípa ọkọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ nípa ahun. Ahun tó bá bọ́ ìkarahun ẹ̀ sílẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ ló ń wá lọ." Ó yí èlùbọ́ rẹ̀ padà. "Ẹ sì wo ìyá yín. Sátidé mélòó rèé?"

Mo mọ iye rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá mi ti pààrọ̀ áṣáà inú agolo náà nítorí pé ó ti ń pàdánù òórùn.

Òjò àkọ́rọ̀ dé kí wẹ́dà tó dé. Ó rọ̀ sínú ìjàpá títí omi fi dé ìdí ìjókòó. Mo fi korobá gbọ́n ọn bí ẹni ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ ojú omi, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé, wò ó, odò ti wá bá mi nílé, n kò tíì lọ bá a. Ọjọ́ kejì, mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà láti àárọ̀, mo ní n kò ní dìde àfi bó bá tẹ̀ lé mi. Ó rí i pé mo ti gbé oúnjẹ ọ̀sán dání. Ó tẹ̀ lé mi.

Jáàkì méjì la fi gbé e. Ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, èmi ń wo okùn. Nígbà tí àárín ọkọ̀ tọ́ tán, ó jó irin mọ́ ọn ní apá ọ̀tún àti apá òsì, ó tún fi òmíràn dábùú wọn. Ó ní kí n wọlé jókòó. Mo jókòó bí ẹni jókòó lórí ẹyin. Kò ké. Mo ti ilẹ̀kùn, kò pa dé. Wẹ́dà ní, "Ẹ gbé e díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tì í, Bàbá." Mo gbé e díẹ̀, ó pa dé. Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ bu ọlá fún ilẹ̀kùn rẹ̀ kó tó tì í.

Ó ku aṣọ. Wẹ́dà tẹ páìpù mẹ́ta tí yóò gbé aṣọ náà dúró, tó ṣeé ká sẹ́yìn. Mo ra tapólì tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀ àjàgbé, mo gbé e lọ fún ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń rán ìjókòó ọkọ̀. Níbí yìí ni ọgbọ́n ti pọ̀ jù. Ìdí téèpù tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ti já láti ọjọ́ pípẹ́, ínṣì méjì àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tí mo bá wọ̀n, mo máa ń yọ ínṣì méjì kúrò, ó ti mọ́ mi lára. Mo wọn ìjàpá, mo yọ méjì, mo kọ ọ́ sórí páálí, mo fi páálí pẹ̀lú téèpù náà ránṣẹ́ sí i kó lè mọ̀ pé káfíńtà ló wọ̀n ọ́n. Bàbá aránṣọ rí téèpù, ó rí i pé ìdí rẹ̀ ti já. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé káfíńtà yìí kò kíyè sí i. Ó bá mi yọ ínṣì méjì.

Ọjọ́ tí a fẹ́ fi aṣọ bo ọkọ̀, a fà á síwájú, ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. A fà á sẹ́yìn, iwájú ṣí sílẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, aṣọ yìí kúrú!"

Ó ní, "Kò kúrú. Mo tiẹ̀ bá ọ tún ìwọ̀n ẹ ṣe. Ṣé o ò mọ̀ pé téèpù ẹ ti já nídìí ni?"

Mo ní, "Mo mọ̀! Mo ti yọ ọ́!"

Ó wo téèpù, ó wò mí. Ó ní, "Ṣé o wá rí i? Bí ọ̀kan nínú wa bá ya dìndìnrìn ni, ìbá ti bá a mu."

Ó fi àlẹ̀mọ́ mú un gùn lẹ́yìn. Ojú ìrán náà bọ́ sí ọ̀gangan ọrùn awakọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, omi á máa kán sí mi lọ́rùn tó, tó, tó, bí ẹni ń bá mi ka ẹ̀ṣẹ̀ mi. Apá ọ̀dọ̀ ìyá mi kò jò rárá.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Iṣẹ́ parí. Ìjàpá ní òrùlé bí a bá fẹ́, kò ní òrùlé bí a kò bá fẹ́. Ṣùgbọ́n òjò ti wá di òjò gidi, odò Ọ̀ṣun sì ti kún, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ irọ́ mi. Mo ní kí ọ̀dà ilẹ̀kùn gbẹ. Mo ní kí ojú ọ̀nà abà gbẹ. Wẹ́dà gbọ́ pé mi ò tíì gbé ọkọ̀ jáde, ó wá kí mi, ó ní, "Bàbá Káfíńtà, àbí ẹ tún fẹ́ ká dá òrùlé ẹ̀ padà ni? Torí bí mo ṣe ń wò yín yìí..." Mo lé e jáde.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, fóònù dún. Ọmọ àbúrò ìyá mi ni, láti abà. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi sọ fún Ìyá pé ìyá mi ń bèèrè wọn. Wọn ò jẹun dáadáa mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti wọlé, ọwọ́ ni wọ́n máa ń nà, wọ́n á ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti dé?'"

Ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn kò sunkún. Wọ́n ní kí ìyàwó mi bá wọn ra áṣáà tuntun. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ fún mi pé, "Ọ̀la là ń lọ. Bí ọkọ̀ ní òrùlé, bí kò ní òrùlé. Bí kò bá ní táyà gan-an, ìwọ lo máa tì í."

Bí a ṣe gbéra lọ́jọ́ Sátidé náà nìyẹn. Mo gbé ilẹ̀kùn díẹ̀ fún wọn, mo tì í. Ìbàdí wọn wọ inú ìjókòó náà bí ọbẹ ṣe ń wọ inú àkọ̀ rẹ̀, wọ́n sì mí kanlẹ̀. A gba àárín ìlú. Àwọn ọlọ́kadà ń kí wa, "Bàbá Ìjàpá!" Òjò ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a dé odò, mo dúró, mo sọ̀kalẹ̀, mo ká aṣọ òrùlé sẹ́yìn.

Ìyá mi wo òkè. Wọ́n ní, "Òjò ń ṣú, o ń ṣí orí ọkọ̀?"

Mo ní, "Atẹ́gùn ni, Ìyá."

Mo wọlé, mo wa ọkọ̀ dé ẹnu afárá. Mo rí omi náà. Ó pupa, ó kún, ó ń gbé igi lọ bí ẹni ń gbé ìṣáná. Ẹsẹ̀ mi kúrò lórí tọ́rótù fúnra rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti fi oṣù mẹ́fà ṣe, tí mo gé, tí mo jó, tí mo rán, wà ní ẹ̀yìn mi níbẹ̀, a ti ká a bí ẹní, ẹ̀rù náà sì jókòó sí àyà mi gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nígbà tí òrùlé ṣì wà lórí. Ó tún wá burú sí i, torí pé mo ń rí gbogbo odò náà dáadáa báyìí. Òrùlé ni kì í tiẹ̀ jẹ́ kí n rí i tán tẹ́lẹ̀.

Mo pa ọkọ̀. Mo ní, "Ó ti gbóná, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n yẹ ẹ́ńjìnnì wò." Mo lọ sí ẹ̀yìn, mo ṣí i, mo tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó mọ ohun tó ń wò.

Ọlọ́kadà kan dín eré kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Bàbá, ṣé ọkọ̀ yín fẹ́ bímọ ni?"

Mo ní kó máa lọ. Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Mo ń ronú irọ́ tí mo fẹ́ pa tẹ̀ lé e, mi ò rí ọ̀kan. Gbogbo irọ́ ọkọ̀ ni mo ti pa tán.

Nígbà náà ni ìyá mi pè mí. Wọn ò pariwo. Mo padà wá, mo gbé ilẹ̀kùn díẹ̀, mo jókòó, mo ń wo sítíárì. Wọ́n fi etí ìborùn wọn nu òógùn ojú mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Wọ́n ní, "Ẹ́ńjìnnì ò gbóná. Ìwọ lo gbóná. Ẹ̀gbọ́n ẹ náà nìyẹn. Kò sí ọjọ́ kan tó gbé mi kọjá ibí tí ẹ̀rù ò bà á, tòun ti òrùlé lórí. Kò jẹ́ wo omi. Iwájú nìkan ló máa ń wò, èmi ni mo máa ń bá a ka òpó ẹ̀gbẹ́ afárá, kó lè mọ iye tó kù. Mọ́kànlélógún ni. Bí mo bá ti ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ó yá, ṣáná sí i. Àbúrò mi ń retí mi. Ení."